Orí igún fún tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù: ta ló ti lò ó rí?

Ọmọ Mọ́níyà

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ tó ń jẹ mí lọ́kàn ni mo gbé wá.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe. Tí ọjọ́ Sátidé bá dé, mo máa ń fi owó díẹ̀ ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, kì í ṣe èyí tó lè mú kí ebi pa ará ilé mi. Ṣùgbọ́n ti sáà yìí ti wá sú mi. Eré méje á wọlé wẹ́rẹ́, ìkẹjọ á gé tíkẹ́ẹ̀tì. Èyí tó dùn mí jù, ìṣẹ́jú 93 ni wọ́n tó fi pẹnáritì gé e, lẹ́yìn tí VAR, ìyẹn àwọn rẹfirí tó ń wo fídíò, ti wò ó títí tí mo fi rò pé wọ́n ti sùn lọ.

Ẹnì kan wá fi nọ́ńbà mi sí ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń ta orí igún. Ó ní téèyàn bá gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí sùn, tàbí tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ mọ́ tìróò tó fi lé ojú, yóò rí èsì eré lójú àlá kí wọ́n tó gbá a. ₦85,000 ni. Ìdajì kọ́kọ́, ìyókù tí ọjà bá dé. Ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, mo ti gbé e sísàlẹ̀ yìí. Ó tún fi fídíò agbábọ́ọ̀lù ńlá kan síbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí gbogbo wa mọ̀, tó ń jẹ́rìí pé ohun tí òun ń lò nìyẹn.

Ọ̀gá tó ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi gbà á gbọ́ pátápátá. Ó ní igún máa ń mọ ibi tí ẹran máa kú sí kí ẹran ọ̀hún tó kú, ìdí nìyẹn tó fi máa ń débẹ̀ ṣáájú gbogbo ayé. Èmi ò lè bá a jiyàn, torí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, inú fóònù nìkan ni mo ti ń rí igún.

Ta ló ti lò ó rí níbí? Ṣé ó ń jẹ́? Tí mo bá sì rà á, ṣé ọlọ́pàá ò ní yọ mí lẹ́nu?

Tíkẹ́ẹ̀tì Ti Gé

Ọ̀rẹ́, jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Igún tó ń rí ọ̀la yìí, báwo ló ṣe dọ́wọ́ ẹni tó gé e lórí? Ṣé kò rí ìyẹn lójú àlá tiẹ̀ ni?

Kí bàbá yẹn dá mi lóhùn lórí AFCON, ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n gbá ní Ivory Coast. Ní January 2024, Equatorial Guinea na àwọn onílé 4-0 níwájú àwọn èèyàn wọn. Wọ́n lé kóòṣì wọn lọ lójú ẹsẹ̀. Oríire ni wọ́n fi bọ́ sí ìpele tó kàn. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀, lọ́jọ́ 11 oṣù February, àwọn onílé tí wọ́n na ní 4-0 yìí náà ló na wa 2-1 tí wọ́n sì gba ife, lẹ́yìn tí Ekong ti kọ́kọ́ fi orí kan án sílé fún wa. Ta ló lá àlá ìyẹn? Kó jáde wá ká rí i.

Ìgbà tí Ife Àgbáyé wà ní South Africa ní 2010, ẹran inú omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan wà ní Jámánì tí wọ́n ń pè ní Paul. Eré mẹ́jọ ni wọ́n ní kó mú, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló wọlé. Orí tiẹ̀ ni kó o lọ wá rà.

Ìyá Lékulẹ́jà

Ọmọ Mọ́níyà, ọkọ mi, má dá aláwàdà yẹn lóhùn, èmi ni kó o gbọ́. Ọmọbìnrin mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ o, tó bá ṣì í kọ, òun ni kẹ́ ẹ bú.

Ìdí àtẹ yìí ni wọ́n bí mi sí. Lékulẹ́jà ni ìyá mi, lékulẹ́jà ni ìyá tó bí i. Kò sí eku, kò sí ẹja, kò sí ẹyẹ tí wọn ò gbé wá síwájú wa rí. Torí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kì í ṣe pé wọ́n sọ ọ́ fún mi.

Fọ́tò tó o gbé síbẹ̀ yẹn, orí tòlótòló ni.

Fẹ ojú rẹ̀ dáadáa kó o wo ẹnu. Igún tí àwa mọ̀ nílùú wa níbí, ẹnu rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wá tẹ̀ kọdọrọ ní ṣónṣó bí ìwọ̀ apẹja. Ti inú fọ́tò rẹ kúrú, ó nípọn nídìí, ẹnu ohun tó ń ṣa àgbàdo jẹ ni. Ìkejì, igún ní irun múlọ́múlọ́ kan láti àtàrí dé ẹ̀yìn ọrùn. Iwájú orí nìkan ló pá. Èyí pá yíká, wọ́n wá fi iná rà á kó lè dúdú, wọ́n fi epo pa á. Tó o bá tún wo abẹ́ ọrùn, wàá rí awọ tó rọ̀ jọ̀ọ̀lọ̀jọ̀ọ̀lọ̀ tó ti gbẹ mọ́ra. Ta ni ò mọ awọ ọrùn tòlótòló? Tí Kérésìmesì bá ti kọjá, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bá èèyàn pa tòlótòló, ẹ bi wọ́n bóyá orí ń ṣẹ́ kù nílẹ̀. Wọ́n ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó dá ẹyẹ lọ́rùn.

Ohun tó fà á ni pé igún ti tán. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ìyá mi bá rán mi lọ sí odò ẹran, orí páànù kì í ṣófo. Wọ́n á tò síbẹ̀, wọ́n á na ìyẹ́ sí oòrùn. Tí alápatà bá ju ìfun nù, wọ́n á bọ́ sílẹ̀ gbì gbì, wọn ò bẹ̀rù ajá, wọn ò bẹ̀rù èèyàn. Kò sẹ́ni tó ń pa wọ́n lára. Tá a bá ń ṣàdúrà fún ọmọ tuntun, a ó ní igún kì í kú léwe, ọmọ yìí ò ní kú léwe. Wàyí o, ẹ lọ sí odò ẹran èyíkéyìí n'Íbàdàn. Lékèélékèé lẹ máa bá.

Àwọn ọdẹ tó wà nítòsí kọ́kọ́ pa tibí tán. Ó wá di pé Òkè Ọya ni wọ́n ti ń kó o wá, òmíràn ti ilẹ̀ Niger àti Chad wá, nínú àpò, tòun ti ìyẹ́ àti èékánná. Ẹ ò sì ní rí ojú ìbọn lára rẹ̀ mọ́, torí ìbọn kọ́ ni wọ́n fi ń pa á. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fọ́n sóko ni wọ́n ń bù sínú òkú ẹran. Ẹran kan ṣoṣo, gbogbo igún tó bà lé e ló ń kú síbẹ̀. Èyí gan-an ni kó o fi sọ́kàn, ọkọ mi. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ orí igún gidi ni wọ́n tà fún ọ, májèlé wà nínú ara ẹyẹ yẹn. Wàá wá lọ̀ ọ́ mọ́ tìróò, wàá lé e sójú. Ṣé ojú tó o fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ náà nìyẹn?

Èmi ò tà á mọ́. Àwọn ará NCF, àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀dá inú igbó, àwọn tó ni ọgbà tó wà ní Lẹ́kí, ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn ṣèpàdé pé kí á máa fi ewé rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan nínú wa ń binú, wọ́n ní ewé ò lè jẹ́ bí ẹyẹ ṣe ń jẹ́. Mo ní ó dáa, orí tòlótòló tẹ́ ẹ ti ń tà fáráyé látọdún yìí wá, ta ló dá a padà pé kò jẹ́? Kò sẹ́ni tó lè dá mi lóhùn.

Ayé Kọ̀ǹpútà

Ìyá ti sọ ti fọ́tò, ẹ jẹ́ kí n sọ ti fídíò. Mo lọ wò ó. Fídíò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan tó ṣe lẹ́yìn eré ni wọ́n mú, wọ́n wá fi AI yí ẹnu àti ohùn rẹ̀ padà. Ẹ má wo ojú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ jù. Ẹ wo báàjì tó wà láyà aṣọ rẹ̀: tó bá ti yí ọrùn, lẹ́tà tó wà lára báàjì á yọ́ pọ̀, á tún là. Ètè á pàdé níbi tí ọ̀rọ̀ ò ti ní kó pàdé. Ó sì ń sọ Yorùbá tó já gaara, ó ń pe àwọn ewé lórúkọ, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa mọ̀ pé ọmọkùnrin yẹn ò gbọ́ Yorùbá tó ju “ẹ kú iṣẹ́” lọ.

Ẹ fi ẹ̀sùn ẹgbẹ́ yẹn kan WhatsApp látinú ẹgbẹ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ tó jáde. Tẹ́ ẹ bá jáde láìṣe é, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fà wọlé.

Tìmùtìmù (iṣẹ́ ẹranko igbó ni mò ń kọ́)

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin màmá. Ọ̀rọ̀ yín lórí májèlé bá ohun tí ìwádìí sọ mu. Ní 2015, àwọn onímọ̀ kan kó àkọsílẹ̀ ikú igún jọ láti orílẹ̀-èdè 26 nílẹ̀ Áfíríkà, ó lé ní ẹgbẹ̀rún méje igún. Májèlé ló pa ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ọjà oògùn ìbílẹ̀ kó ìdá 29, wáyà iná ńlá pa nǹkan bí ìdá 9. Lọ́dún yẹn kan náà ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣàkọsílẹ̀ ẹ̀dá tó ń tán lọ, fi igún ilẹ̀ wa yìí sínú àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n parẹ́ láyé pátápátá. Ẹyin kan ṣoṣo ni abo igún ń yé lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe adìyẹ tó máa yé mẹ́wàá kó tún pa mẹ́wàá.

Màmá sọ pé májèlé inú òkú ẹran ni wọ́n ń lò. Ní Guinea-Bissau, láti ìparí 2019 wọ 2020, ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbà pa igún tó ju 2,000 lọ, irú igún tó wà lọ́dọ̀ wa gan-an. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n bá nílẹ̀ láìlórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìyẹn kà. Orí ni wọ́n ń wá.

Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù yìí náà kì í ṣe tuntun. Nígbà Ife Àgbáyé 2010 tí ẹni àkọ́kọ́ dárúkọ, ní South Africa níbẹ̀, àwọn kan ń fa èéfín ọpọlọ igún símú kí wọ́n lè rí èsì eré àti nọ́ńbà lọ́tìrì. Àwọn tó ń ṣọ́ igún pariwo títí.

Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀gá tó ń tún fóònù ṣe lóhùn, torí ó rí nǹkan kan, kò kàn mọ̀dí rẹ̀ ni. Òótọ́ ni pé igún máa ń dé ìdí òkú ẹran kíákíá. Kì í ṣe imú ló fi ń mọ̀ ọ́n, igún ilẹ̀ Áfíríkà ò fi imú wá oúnjẹ. Ojú ló ń lò. Á gòkè lọ, á na ìyẹ́, á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ti ilẹ̀ bọ̀ gbé òun, á wá máa wolẹ̀. Èyí tó wà lókè lọ́hùn-ún ń wo ẹran, èyí tó jìnnà sí i ń wo òun. Tí ọ̀kan bá sọ̀ kalẹ̀, èkejì ti rí i, ẹ̀kẹta ti rí èkejì. Ìwọ tó o wà nílẹ̀ á kàn rí i pé ogún igún ti dé, wàá ní wọ́n lá àlá. Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń fò ga tó? Lọ́jọ́ 29 oṣù November 1973, ọkọ̀ òfuurufú kan kọlu igún ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Rüppell lókè Abidjan, ní ẹsẹ̀ bàtà 37,000. Ibi tí bàálù èrò ń gbà nìyẹn. Kò sí ẹyẹ tí àkọsílẹ̀ tiẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀.

Ìyẹn ló sì ń kó bá wọn. Àwọn tó ń yìnbọn pa erin lóko ò fẹ́ kí igún máa yí po lójú ọ̀run kí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó tó rí i wá bá wọn. Wọ́n á bu májèlé sí òkú erin. Ní Botswana ní June 2019, òkú erin mẹ́ta péré ni wọ́n bu májèlé sí, igún 537 ló kú síbẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹyẹ lásán ni kó wo Íńdíà. Wọ́n ń fún màlúù ní diclofenac, oògùn tí àwa náà ń lò fún ara ríro. Igún jẹ òkú màlúù, kídìnrín wọn bàjẹ́, ó lé ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣègbé láàárín ọdún díẹ̀. Ọdún 2004 ni wọ́n tó mọ ohun tó ń pa wọ́n, 2006 ni ìjọba fòfin de oògùn náà fún ẹran. Òkú màlúù ti kún ìgbẹ́ nígbà náà, ajá ìgboro pọ̀ rẹpẹtẹ, dìgbòlugi ń gé èèyàn jẹ, omi bàjẹ́. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì ṣírò rẹ̀ nínú ìwádìí tó jáde ní 2024, wọ́n ní àìsí igún fa ikú èèyàn bí 500,000 láàárín ọdún márùn-ún.

Ní ti ọlọ́pàá: òfin ti wà lórí ẹranko tó ń tán lọ láti 1985, wọ́n tún un ṣe ní 2016. Ní October 2025, Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbá tuntun tó lè rán èèyàn lẹ́wọ̀n tó tó ọdún mẹ́wàá. Má rà á.

Ọmọ Awo Òkè-Ìtàsẹ̀

Mo ka gbogbo rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn oníjìbìtì orí fóònù fi Ifá bojú. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Wọ́n tún ní bí a ò bá rí igún, a ò gbọdọ̀ ṣebọ. Bí a ò bá rí àkàlà, a ò gbọdọ̀ ṣorò. Igún ló ń jẹ ẹbọ kó tó gbà. Ta ni wá máa jẹ ẹbọ tẹ́ ẹ bá ti fi gbogbo igún sábẹ́ ìrọ̀rí tán?

Ìyá Lékulẹ́jà

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹnu yín kò ní kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ bó ṣe rí. Ta ló ń rà á lọ́wọ́ ìyá mi? Ṣé aránṣọ ni? Àwọn awo àti oníṣègùn ni. Wọ́n á kì í tán ní “a kì í pa igún”, wọ́n á wá rán ọmọ ẹ̀kọ́ wọn wá sídìí àtẹ láti ẹ̀yìnkùlé.

Ọmọ Awo Òkè-Ìtàsẹ̀

Ẹ̀yin màmá, ẹ ti kó mi lọ́rọ̀ jẹ. Ó wà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń ṣe é, àwọn mìíràn ò sì fọwọ́ kàn án láyé. Èmi ń sọ ti ilé tí wọ́n ti kọ́ mi.

Ọmọ Mọ́níyà

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Mo ṣe bí ìyá ṣe wí. Mo ní kí bàbá yẹn pè mí lórí fídíò kó yí orí ọ̀hún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n rí ẹnu rẹ̀. Ó ní èèwọ̀ ni, wọn kì í yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójú ẹni tí kò tíì sanwó. Mo ní ṣé tòlótòló náà ní èèwọ̀ ni. Kí n tó mọ̀, ó ti yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́. Mo ti fi ẹ̀sùn kan wọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, Ayé Kọ̀ǹpútà, ẹ ṣeun.

Ẹni tí àánú rẹ̀ ń ṣe mí ni ọ̀gá ẹ̀gbẹ́ mi. Ó ti san ìdajì kó tó fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ mí. Mo ka ọ̀rọ̀ Tìmùtìmù sí i létí, ó dákẹ́, ó ní “ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná.” Ọjà ò tíì dé títí di ìsinsìnyí.

Tìmùtìmù, ìbéèrè kan ló kù. Níbo ni èèyàn ti lè rí igún láàyè báyìí? Mo kàn fẹ́ fi ojú mi rí i ni.

Tìmùtìmù

Díẹ̀ ṣì wà lápá Òkè Ọya, títí kan igbó Yankari ní Bauchi. Tó o bá fẹ́ èyí tó máa bà sílẹ̀ ní tòsí rẹ, Gambia ni. Hòtẹ́ẹ̀lì kan wà ní Kololi, létí òkun, tí wọ́n ti máa ń ju ẹran sílẹ̀ fún wọn, àwọn àlejò á jókòó, wọ́n á máa wò. Irú igún tiwa yìí náà ni. Kò sẹ́ni tó ń lé wọn.

Ìyá Lékulẹ́jà

Hòtẹ́ẹ̀lì kẹ̀! Igún ń jẹ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ayé mà ti dayé o.

Tíkẹ́ẹ̀tì Ti Gé

Èló ni bàálù lọ sí Gambia? Ẹ ṣì ní sùúrù fún mi, eré méjì péré ló kù lórí tíkẹ́ẹ̀tì mi.